Lẹ́tà ṣíṣí sí ìgbìmọ̀ ọjà wa ní Ìkòròdú: ẹ yé gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀

Sí ìyá wa, Ìyálọ́jà. Sí bàbá wa, Bàbálọ́jà. Sí akọ̀wé, akápò àti gbogbo olórí ìlà.

Mo dọ̀bálẹ̀ kí ẹ̀yin àgbà. Ẹ kú ọjà o. Ọjà á tà, a ò ní pàdánù.

Ẹ mọ̀ mí. Èmi ni alájọ tó máa ń ti ìlà aláta bọ́ sí ìlà ẹlẹ́ja láràárọ̀, tí ẹ máa ń ní kí n sún síwájú ná, ẹ ò tíì tajà. Mi ò kọ orúkọ ọjà wa síbí, torí mi ò wá dójú ti ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá kàn á mọ̀.

Pátákó tí ẹ gbé kọ́ ẹnu ọ̀nà lóṣù tó kọjá ló mú mi kọ̀wé. Ó ní ìsọ̀ tó bá wà ní títì fún ọjọ́ mẹ́ta láìgba ìwé àṣẹ, ẹni tó ni ín á san ₦5,000. Tó bá di ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ ó gbé ìsọ̀ náà fún ẹlòmíràn. Ó tún ní ẹ ó máa pe orúkọ irú ẹni bẹ́ẹ̀ lórí gbohùngbohùn láràárọ̀. Mo bẹ̀ yín, ẹ ka lẹ́tà yìí tán kí ẹ tó bínú sí mi.

1. Mo mọ ìdí tí ẹ fi ṣòfin yìí. Àwọn kan gba ìsọ̀ mẹ́ta, mẹ́rin, wọ́n ti gbogbo rẹ̀ pa, wọ́n ń wá ẹni tó máa gbà á lọ́wọ́ wọn lówó gegere. Ìsọ̀ tó wà ní títì, eku ló ń bímọ síbẹ̀, olè ló sì ń fi ibẹ̀ ṣe ibùba. Owó tí káńsù ń gbà náà kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ó yé mi.

Ṣùgbọ́n ta ni òfin náà ti mú láti ìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀? Onísọ̀ mẹ́rin ò sí níbẹ̀. Ọmọ ọ̀dọ̀ ló ń rán wá láàárọ̀ kó wá ṣílẹ̀kùn, kó gbé àga kan síta, kó tún máa bá tirẹ̀ lọ. Àwọn tó mú ni aláta tó sin ọmọ. Ó mú opó. Ó mú obìnrin tí oyún bàjẹ́ lára rẹ̀, tí kò sì fẹ́ kí ìyá ọkọ rẹ̀ gbọ́. Ó mú bàbá tó ń tún rédíò ṣe, tí ibà ò ṣe, tí kò sì lè dìde lórí ẹní.

Ẹ wo ti opó ná. Oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá ni Kùránì là sílẹ̀ fún opó Mùsùlùmí. Àwa tí à ń kírun pọ̀ nínú ọjà yìí, ẹ̀yin náà mọ̀. Fídáù ọjọ́ kẹjọ ò tíì pé tí ₦5,000 yín á ti kan ilẹ̀kùn. Ẹni tí oyún bàjẹ́ lára rẹ̀ ńkọ́, ta ni yóò lọ gba ìwé àṣẹ fún un? Ṣé lójú gbogbo ìgbìmọ̀ ni yóò dúró sí tí yóò máa ṣàlàyé ohun tó ti ara rẹ̀ jáde?

Ọjà yìí sì mọ bí wọ́n ṣe ń tilẹ̀kùn o. Nígbà orò, tí obìnrin ò gbọdọ̀ yọjú síta, à ń tì í. Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, nítorí ìmọ́tótó, à ń tì í. Ọjọ́ ìdìbò, à ń tì í. Kò sẹ́ni tó ń sanwó ìtanràn, ọjà ò sì wó.

2. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo fojú mi rí.

Káàdì àjọ, ẹ mọ bó ṣe rí: páálí tí wọ́n là sí ilé mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ọjọ́ kọ̀ọ̀kan nínú oṣù pẹ̀lú ilé tirẹ̀. Ẹni tó bá dá, mo fa igi síbẹ̀. Ẹni tí kò dá, ilé ọjọ́ yẹn wà lófìfo. Bí mo bá wo káàdì ènìyàn, mo máa ń mọ bí oṣù ṣe lọ fún un. Ìyá kan wà ní ìlà aláta tí káàdì rẹ̀ kì í ní ilé òfìfo. Òjò ni o, ọ̀dá ni o, ₦500 á dé. Láago mẹ́rin òru ló ti ń jáde lọ sí Mile 12, kí tòmátì tó wọ́n.

Ọmọkùnrin rẹ̀ tó ń kọ́ṣẹ́ wẹ́dà ṣàìsàn, ó sì kú. Bí ilé ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ṣófo nínú káàdì nìyẹn. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ ni mo tún bá a nísọ̀, torí ẹnì kan ti lọ sọ fún un nílé pé owó ìtanràn ti ń gun orí ara wọn. Ó jókòó ti apẹ̀rẹ̀ tòmátì tó ti ń jò lábẹ́. Ó ń ṣà á. Èyí tó dára ló ń jù sọ́dọ̀ èyí tó ti rà, tó bá sì pọ̀ díẹ̀, á tún da gbogbo rẹ̀ pọ̀, á bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Oníbàárà kan bi í pé mélòó ni ti ₦1,000, ó wò ó. Ó ní, “Èló ni ẹ fẹ́ rà?” Oníbàárà náà rò pé ó ń fòun ṣẹ̀fẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Ó fún mi lówó àjọ, mo fa igi. Kí n tó tẹ̀ síwájú, ó pè mí padà, ó tún na ₦500 mìíràn sí mi, ó ní òun ò tíì dá.

Gbohùngbohùn ké níbi tí mo dúró sí yẹn. Wọ́n pe orúkọ rẹ̀. Wọ́n ní kò ṣí ìsọ̀, kó wá san gbèsè rẹ̀. Ó wà nínú ìsọ̀ náà o, ẹ̀yin àgbà, orúkọ rẹ̀ ni wọn ò tíì yọ nínú ìwé. Kò sọ nǹkan kan. Ó tú gèlè orí rẹ̀, ó wé e, ó tún tú u, ó tún wé e. Ẹni tó wà nísọ̀ kejì ló dìde tó gba gèlè náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo mọ ohun tí àwọn kan nínú yín máa sọ, torí mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu olórí ìlà kan: bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Òótọ́ ni. Ẹ ò tíì jẹ́ kó sunkún ná.

3. Ọ̀rọ̀ gbohùngbohùn. Gbogbo wa la mọ owó gbómú-lé-láńtà, a mọ bí àwọn tó ń gbà á padà ṣe máa ń wá jókòó sílé ènìyàn títí ilẹ̀ á fi ṣú. A tún mọ àwọn ayánilówó orí fóònù, tí wọ́n máa ń kọ ọ́ ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tó wà nínú fóònù rẹ pé olè ni ọ́, dórí pásítọ̀ rẹ, dórí lèmọ́mù. Ìwà yẹn wà lára ohun tó mú kí àjọ FCCPC, tó ń dáàbò bo oníbàárà, gbé ìlànà jáde fún wọn ní 2022. Àwa náà pariwo nígbà yẹn, a ní ìkà ni wọ́n. Kí wá ni ìyàtọ̀ tó wà láàrin tiwọn àti ohun tí ọjà wa ń ṣe láago mẹ́jọ àárọ̀?

Ẹni tí wọ́n bá pe orúkọ rẹ̀ báyìí, ẹ lọ wò ó lọ́jọ́ kejì. Ẹ̀yìnkùlé ló ń gbà wọlé. Kì í kí ẹnikẹ́ni mọ́. Oúnjẹ tí wọ́n ti máa ń pín jẹ ní ìlà, kì í bá wọn jẹ ẹ́ mọ́. Ẹni tó yẹ ká sún mọ́, àwa fúnra wa la lé e sínú yàrá.

4. Ẹnì kan á ní, ṣé gbogbo ẹni tínú rẹ̀ bàjẹ́ náà la ó máa kẹ́ bí ẹyin? Rárá o. Ìbànújẹ́ ọjọ́ méjì, ọjọ́ mẹ́ta, kò sí ẹni tí kì í ṣe. Ohun tí Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ni pé bí ìrẹ̀wẹ̀sì bá ti gbà tó ọ̀sẹ̀ méjì, tó jẹ́ ojoojúmọ́, tí nǹkan tó ń dùn mọ́ ènìyàn tẹ́lẹ̀ kò dùn mọ́ ọn mọ́, tí oorun àti oúnjẹ dà rú, tó ń rò pé òun ò wúlò, a jẹ́ pé àìsàn ìsoríkọ́ ti ń wọlé nìyẹn, ó sì ń fẹ́ ìtọ́jú bí ibà ṣe ń fẹ́ ẹ.

Nínú ọjà, ẹnikẹ́ni ò ní sọ fún yín pé òun sorí kọ́. Ohun tí mò ń gbọ́ láràárọ̀ ni: orí mi ń gbóná; nǹkan ń rìn mí lára; àyà mi ń já; oorun ò kùn mí. Àgbo ni wọ́n ń rà sí i, tàbí oògùn ara ríro. Àwọn ọkùnrin ń lọ sídìí paraga. Paraga máa ń gbé ènìyàn sùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n láago méjì òru ló máa ń jí i, ìrònú tó fẹ́ sá fún á sì ti jókòó dè é.

Mo ti bá nọ́ọ̀sì kan sọ̀rọ̀ lórí èyí ní ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé. Ohun tó ní kí ènìyàn máa ṣe lọ́jọ́ tó le kì í ṣe nǹkan ńlá. Kó wẹ̀. Kó jẹ nǹkan, bó jẹ́ ẹ̀kọ gbígbóná lásán. Kó ṣe iṣẹ́ kékeré kan parí, kó má wo gbogbo èyí tó kù. Kó fi fóònù sílẹ̀, pàápàá WhatsApp tó jẹ́ ìròyìn ikú àti ọ̀rọ̀ gbèsè ni wọ́n ń gbé kiri níbẹ̀. Bí àyà bá ń já, kó rọra mí sínú, kó wá mí síta fún ìgbà tó gùn ju èyí tó fi mí sínú lọ, kó máa ṣe é lọ títí àyà á fi wálẹ̀. Kó rìn jáde lọ gba afẹ́fẹ́. (Èmi fúnra mi, Èbúté Ìpakodò ni mo máa ń lọ, kí n lọ wo àwọn tó ń wọkọ̀ ojú omi. Kò ná mi ní kọ́bọ̀.) Kó wá ẹnì kan ṣoṣo tí kì í wàásù, kó sọ ọ́ fún un.

Mo fi ti ìwàásù kún un torí àwa olùjọsìn. Àdúrà dára, mò ń gbà á. Ohun tó ń bí mi nínú ni àwẹ̀ ọjọ́ méje tí à ń gbé ka orí ẹni tí oúnjẹ ò ti kan ẹnu rẹ̀ láti àná, àti ìṣọ́ òru fún ẹni tí àìsùn ló ń pa á lọ.

5. Ìlú yìí ti ru ẹrù tí kò sọ̀ rí. Ní 2016 sí 2017, nígbà tí àwọn Badoo ń wọlé tọ ènìyàn lóru, tí wọ́n ń pa ìyá, bàbá àtọmọ sórí ẹní kan náà, ọ̀pọ̀ wa ló ń dáná sójú títì tí a ń ṣọ́ òru. Àwọn kan kó lọ sùn sí ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tó rọlẹ̀, a padà sẹ́nu ọjà. N kò rántí pé ẹnikẹ́ni bi wá pé oorun wa ńkọ́. Mo mọ àwọn tó jẹ́ pé bí ológbò bá fò lórí páànù lónìí, wọn ò ní sùn mọ́ títí ilẹ̀ á fi mọ́.

Ibi tí a lè gbé ìṣòro yìí lọ wà o. Ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé wà, Ilé Ìwòsàn Gbogbogbòò ti Ìkòròdú wà, wọ́n sì lè fi ìwé darí ènìyàn lọ síwájú. Ilé ìwòsàn ọpọlọ ní Yaba wà, láti 1907. Orúkọ Yaba ló ń lé wa sá, bíi pé wèrè nìkan ni wọ́n ń tọ́jú níbẹ̀. Ìran Yorùbá ló sì fi han ayé bí wọ́n ṣe ń ṣe é láìsí ìtìjú: ní Àrò, l'Ábẹ́òkúta, ní 1954, Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lambo, oníṣègùn ọpọlọ, bẹ̀rẹ̀ sí í fi aláìsàn wọ̀ sílé àwọn ará abúlé pẹ̀lú ẹbí rẹ̀. Á gbàtọ́jú lọ́sàn-án, á bá àwọn ènìyàn jẹun lálẹ́.

Òfin ìjọba náà ti yí padà. Ní oṣù kìn-ín-ní 2023 ni ààrẹ fọwọ́ sí òfin ìlera ọpọlọ tó rọ́pò èyí tí àwọn òyìnbó amúnisìn fi lélẹ̀, èyí tó ń pe aláìsàn ní wèrè. Òfin tuntun yìí ní a ò gbọdọ̀ torí àìlera ọpọlọ ya ènìyàn sọ́tọ̀. Ní ti Ìpínlẹ̀ Èkó, bí ayé bá sú ènìyàn dórí pé ó fẹ́ gba ẹ̀mí ara rẹ̀, tí kò sì kú, ilé ìwòsàn ni òfin ìpínlẹ̀ ní kí ilé ẹjọ́ pàṣẹ pé kí wọ́n gbé e lọ. Ẹ wá wò ó: ìjọba Èkó ní ká gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, ọjà wa ní kó san ₦5,000.

6. Ó ku ohun kan tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́, òun ni mo sì fẹ́ràn jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Ní Harare, olú ìlú Zimbabwe, oníṣègùn ọpọlọ kan tó ń jẹ́ Dixon Chibanda rí i ní 2006 pé aláìsàn pọ̀, dókítà ò sí. Kò dúró de ìjọba. Àwọn ìyá àgbà ló kó jọ, ó kọ́ wọn bí a ṣe ń fetí sílẹ̀ àti bí a ṣe ń bá ènìyàn tú ìṣòro palẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó wá gbé bẹ́ǹṣì onígi fún wọn níta ilé ìwòsàn. Ẹni tí àròjù bá ń dà láàmú á wá jókòó ti ìyá àgbà. Nígbà tí wọ́n wádìí rẹ̀ dáadáa, tí wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2016, lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ara àwọn tó jókòó ti ìyá àgbà fúyẹ́ ju ti àwọn tó gba ìtọ́jú bí wọ́n ti ń ṣe é tẹ́lẹ̀ lọ.

Kí ni Harare ní tí Ìkòròdú ò ní? Ìyá àgbà? Bẹ́ǹṣì? Ìyá tó gba gèlè lọ́wọ́ aláta yẹn, ta ló kọ́ ọ?

7. Ohun tí mo ń béèrè, èmi àti àwọn tó bá mi fọwọ́ sí i:

Ẹ yọ ọ̀fọ̀, àìsàn, oyún tó bàjẹ́ àti opó kúrò nínú òfin ìtanràn pátápátá. Ẹnu olórí ìlà ti tó, kò gba ìwé àṣẹ. Bí ẹ bá fẹ́ mú àwọn tó ń kó ìsọ̀ jọ, ẹ mú wọn: ẹni tó bá ní ju ìsọ̀ kan lọ, tí kò sì fi èyí tó kù tajà, òun ni kẹ́ ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Ìwé orúkọ wà lọ́wọ́ akọ̀wé, kò ṣòro.

Orúkọ ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ jáde lórí gbohùngbohùn mọ́ nítorí owó. Ẹ rán olórí ìlà lọ bá a.

Yàrá tí wọ́n ti ń gba owó orí láyé ọjọ́sí, lẹ́yìn ìlà aláṣọ, tó jẹ́ pé páálí àti ìgbálẹ̀ ló kún ibẹ̀, ẹ jẹ́ ká gbá a. Bẹ́ǹṣì méjì, omi mímu, fèrèsé tó ṣeé ṣí. Nọ́ọ̀sì tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ní òun lè gba àṣẹ lọ́wọ́ ọ̀gá òun láti máa wá lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kó sì kọ́ ìyá méjì méjì láti ìlà kọ̀ọ̀kan. Ohun tí wọ́n bá gbọ́ níbẹ̀ kò gbọdọ̀ jáde. Mo mọ ọjà wa, nítorí náà mo tún un sọ: kò gbọdọ̀ jáde.

Oògùn apakòkòrò ìgò kékeré tí NAFDAC ti ní kí wọ́n má tà mọ́ láti 2019 ṣì wà lórí àtẹ ní ọjà wa. Ẹ kó o kúrò. Ẹni tí ọjọ́ burú mọ́ kò yẹ kó rí i rà bí ẹni ra mágì.

Ẹ kọ 767 àti 112 sára ògiri ní gbogbo ìlà, lẹ́tà ńlá. Nọ́ńbà pàjáwìrì ìpínlẹ̀ ni. Bí ẹnì kan bá ń sọ pé ayé ti sú òun, ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan; kí ẹnì kan jókòó tì í, kí ẹlòmíràn máa pè.

Ìpàdé gbogbogbòò ń bọ̀ ní Ọjọ́bọ̀ tó gbẹ̀yìn oṣù yìí, lẹ́yìn ìmọ́tótó. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí ṣáájú ọ̀rọ̀ aṣọ ẹgbẹ́ àti ayẹyẹ ọdún. Bí ẹ ò bá fi í ṣáájú, a ó gbé lẹ́tà yìí lọ sí ọ́fíìsì ìlera káńsù, tọwọ̀tọwọ̀, pẹ̀lú orúkọ gbogbo àwọn tó fọwọ́ sí i.

₦5,000 tí ẹ gbà lọ́wọ́ ìyá aláta náà, ẹ dá a padà fún un kó tó di ọjọ́ ìpàdé. Rìsíìtì rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi.

Èmi ni,
Alájọ yín,
Ìkòròdú.